Mẹ́dáàlì Lusitania Kan ní Kàdúná: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀

Ohun tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé ni mẹ́dáàlì irin kan tí kò fẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ààbọ̀ lọ, tí ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé ní Kubwa, ní Àbújá, fẹ́ rà lọ́wọ́ Àlàájì kan tó ń ta ohun àtijọ́ ní Kàdúná. ₦900,000 ni Àlàájì dá lé e. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ Karl Goetz ni, oníṣẹ́ ọnà ará Jámánì tó ń fi mẹ́dáàlì bú ọ̀tá ìlú rẹ̀ ní àsìkò Ogun Àgbáyé Kìíní, àti pé èyí tó wà lọ́wọ́ òun kì í ṣe ẹ̀dà rárá, ojúlówó tó jáde láti ilé iṣẹ́ Goetz ní Munich ni, tòun ti páálí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ òun. Ó pẹ́ tí mo ti ń kó mẹ́dáàlì ọnà jọ, iṣẹ́ Goetz sì wà lára èyí tí mo mọ̀ jù, ìyẹn ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mi.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọmọ Ọ̀ffà tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fi ń wá mẹ́dáàlì ará Jámánì kiri. Bàbá bàbá rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Kamẹrúùnù láti gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì láàárín 1914 sí 1916. Bàbá náà padà wálé láàyè, ṣùgbọ́n mẹ́dáàlì tí wọ́n fún un ti sọnù kí wọ́n tó bí Ẹ̀gbọ́n. Bóyá wọ́n tà á ni, bóyá ọmọdé ló fi ṣeré, kò sẹ́ni tó lè sọ nínú ẹbí. Látàrí èyí ni ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ra ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ ogun yẹn wá, ó kọ́kọ́ ń ra mẹ́dáàlì àwọn ọmọ ogun, nígbà tó yá ó bọ́ sórí mẹ́dáàlì ọnà. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín àwọn méjèèjì. Mẹ́dáàlì ọmọ ogun ní okùn aláwọ̀ tí wọ́n fi ń so ó mọ́ àyà, orúkọ ẹni tó gbà á sì lè wà ní etí rẹ̀. Mẹ́dáàlì ọnà kò ní okùn, a kò fi í ṣe ọ̀ṣọ́ sára, ère kékeré olójú méjì ni, àtẹ́lẹwọ́ ni a ti ń wò ó, a ó yí i síwá, a ó yí i sẹ́yìn, iye rẹ̀ sì dúró lórí ẹni tó ṣe é àti bó ṣe kúrò lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Augsburg ni wọ́n ti bí Goetz ní 1875, Munich ló sì kú sí ní 1950. Kì í dúró de kí ìjọba ránṣẹ́ pè é kí ó tó ṣe mẹ́dáàlì. Tí ìròyìn kan bá ti mú un lọ́kàn nínú ìwé ìròyìn, yóò gbẹ́ àwòrán rẹ̀, yóò da irin tàbí idẹ sínú rẹ̀, yóò sì tà á. Èyí tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n ni ti ọkọ̀ ojú omi Lusitania, tí ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì tó ń jẹ́ U-20 yìn ní àdó olóró ní etíkun gúúsù Ireland ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún, 1915. Láàárín ìṣẹ́jú 18 ni ọkọ̀ náà rì, ènìyàn tó tó 1,198 sì bá a lọ, 128 nínú wọn jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, nígbà tí Amẹ́ríkà kò tíì dá sí ogun náà rárá. Ṣáájú kí ọkọ̀ yẹn tó kúrò ní New York ni ilé iṣẹ́ aṣojú Jámánì ti gbé ìkìlọ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ibẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá wọ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba agbègbè ogun, orí ara rẹ̀ ló fi ń wéwu. Lójú Goetz, ilé iṣẹ́ Cunard tó ni ọkọ̀ náà ló jẹ̀bi, nítorí pé owó tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ẹ̀mí èrò.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì ṣe gbẹ́ ẹ. Ní ojú kan, òkú eegun dúró lẹ́yìn fèrèsé ọ́fíìsì Cunard, ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọkùnrin tó rọ́ jọ síwájú rẹ̀; ọ̀kan nínú wọn ń ka ìwé ìròyìn tó ń kìlọ̀ nípa ewu ọkọ̀ abẹ́ omi, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó dé fìlà gíga sì na ìka ìkìlọ̀ sókè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọbi ara sí i. Ọ̀rọ̀ tó wà lókè rẹ̀ lédè Jámánì ń sọ pé òwò ló ṣáájú ohun gbogbo. Ní ojú kejì, ọkọ̀ náà ń rì, àgbá ogun àti ọkọ̀ òfurufú sì kún orí rẹ̀, lábẹ́ àkọlé tó fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pé kò sí ẹrù èèwọ̀ nínú rẹ̀. Àsọdùn ni ti àgbá àti ọkọ̀ òfurufú yìí. Lóòótọ́ ni ẹrù ogun wà nínú Lusitania, ó ru páálí ọta ìbọn tó tó 4,200, ṣùgbọ́n kò ru àgbá, bẹ́ẹ̀ ni kò ru ọkọ̀ òfurufú.

Ọjọ́ tí Goetz kọ sísàlẹ̀ ọkọ̀ tó ń rì yìí ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. 5 oṣù Karùn-ún ló kọ, ìyẹn ọjọ́ méjì ṣáájú kí ọkọ̀ náà tó rì. Ó ní inú ìwé ìròyìn ni òun ti rí i bẹ́ẹ̀, nígbà tó sì yá ó ṣe òmíràn tó gbé ọjọ́ 7. Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí èyí tó gbé ọjọ́ 5, wọ́n ní ẹ̀rí nìyí pé ìpànìyàn àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni, pé àwọn ará Jámánì ti ṣe mẹ́dáàlì ìdùnnú sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ rì ọkọ̀. Wọ́n kó àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, ó sì jáde nínú ìwé ìròyìn níbẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 1916. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, lábẹ́ ìṣàkóso Gordon Selfridge, onílé ìtajà ńlá nì, ẹ̀dà náà sì pọ̀ tó nǹkan bíi 250,000 sí 300,000. Ṣílè kan ni wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó rẹ̀ sì lọ fún àwọn ọmọ ogun tó fọ́ lójú àti fún ẹgbẹ́ Red Cross. Goetz fúnra rẹ̀ kò ṣe tó 500. Nígbà tí ó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 1917, ìjọba Bavaria, agbègbè Jámánì tí Munich wà, pàápàá ti rí i pé mẹ́dáàlì náà ń ba orúkọ Jámánì jẹ́ káàkiri ayé, wọ́n sì pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe é mọ́. Èyí ló fi jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó dá a sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n, tí tàwọn ọ̀tá rẹ̀ sì kún ilẹ̀ káàkiri ibi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá ti dé.

Ọkọ̀ ojú irin ni a wọ̀ ní Kubwa lọ sí Rigasa, a sì gba ibẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù Àlàájì tí kò jìnnà sí ọjà Sheikh Abubakar Gumi. Ìlọrin ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, Kàdúná ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì já gaara, àfi pé Haúsá a máa wọ inú rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ bá ti di ti owó. Ó kí wa dáadáa, ó gbé omi fún wa, kí ó tó gbé páálí kékeré kan jáde láti inú àpótí irin.

“Ẹ wò ó, ọ̀gá mi,” ó sọ fún Ẹ̀gbọ́n, “páálí rẹ̀ ṣì wà, ìwé tó bá a wá ṣì wà nínú rẹ̀. Ta ló tún lè ní irú rẹ̀ ní gbogbo Òkè Ọya yìí?”

Mo ní kí ó jẹ́ kí n fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án. Kì í ṣe pé mágínẹ́ẹ̀tì lè dáhùn ìbéèrè tó wà nílẹ̀, nítorí irin ni ẹ̀dà Lọ́ńdọ̀nù, irin sì wà lára ohun tí Goetz náà lò. Mo kàn fẹ́ yọ idẹ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ni. Mágínẹ́ẹ̀tì gbá a mú. Àlàájì rẹ́rìn-ín, ó ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ó tún nawọ́ sí lẹ́tà K àti G kékeré tó wà lára rẹ̀, ó ní orúkọ oníṣẹ́ ọnà nìyẹn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣe ẹ̀dà nǹkan yóò kó àmì orúkọ tó wà lára ojúlówó mọ́ ọn. Àmì Goetz wà lára ẹ̀dà Lọ́ńdọ̀nù bó ṣe wà lára tirẹ̀.

Mo wá mú gíláàsì tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà fi ń wo nǹkan kéékèèké, mo gbé mẹ́dáàlì náà sínú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà, mo sì wo ìlà tí wọ́n kọ ọjọ́ sí. MAY ló wà níbẹ̀. Ará Jámánì tó ń kọ èdè abínibí rẹ̀ kò ní kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, MAI ni yóò kọ, ohun tó sì wà lára iṣẹ́ Goetz nìyẹn. Àwọn tó ṣe ẹ̀dà ní Lọ́ńdọ̀nù da gbogbo gbólóhùn Jámánì yòókù kọ láìsí àṣìṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé orí orúkọ oṣù, ọwọ́ wọn gbé ti ilé wọn wá. Lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn ti tó ní ẹ̀rí, síbẹ̀ mo yí ojú kejì rẹ̀ wò kí ó má baà dà bíi pé mo fẹ́ fi lẹ́tà kan gba ọjà lọ́wọ́ ọlọ́jà. Eyín òkú eegun náà ti di ìlà kan ṣoṣo, kò ṣeé kà. Ojú àwọn tó dúró lẹ́yìn pátápátá rọ́ pọ̀ mọ́ra. Ibi tó yẹ kó jinlẹ̀ láàárín èjìká ọkùnrin kan sí èkejì kò jinlẹ̀ rárá. Nínú èyí tí Goetz dà fúnra rẹ̀, àwọn ibi wọ̀nyẹn máa ń mú ṣáṣá.

Àlàájì kò tíì gbà. Ìbéèrè tó bi mí mọ́gbọ́n dání: “Tí kì í bá ṣe ojúlówó, báwo ló ṣe gbó tó báyìí? Ṣé àwọn oníjìbìtì ti wà láti ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni?” Mo ṣàlàyé fún un pé ẹ̀dà náà gbó lóòótọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ojúlówó ní ọjọ́ orí, ìyàtọ̀ wọn kò ju ọdún kan sí méjì lọ. Ohun tí a ń jiyàn lé lórí ni ọwọ́ tó ti jáde, ìlú tó ti wá, àti ohun tí wọ́n ṣe é fún.

Páálí tí ó fi ń yangàn ló wá dá ẹjọ́ náà. Àwòrán ọkọ̀ Lusitania wà lára ìdérí rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i, Gẹ̀ẹ́sì náà sì ni ìwé pélébé tó wà nínú rẹ̀. Kí ni Goetz, tó wà ní Munich tó ń bú Gẹ̀ẹ́sì, yóò fẹ́ fi ìwé Gẹ̀ẹ́sì ṣe? Mo ní kí ọmọ Àlàájì, tó wà ní yunifásítì, kà á sókè fún bàbá rẹ̀. Ó kà á. Ìwé náà fúnra rẹ̀ sọ pé ẹ̀dà tó bá ojúlówó mu régí ni ohun tó wà nínú páálí, ẹ̀dà mẹ́dáàlì tí wọ́n ṣe ní Jámánì láti fi sàmì sí rírì Lusitania. Ẹni tó kọ́kọ́ kà á fún Àlàájì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí orúkọ Jámánì wà. Bí mẹ́dáàlì náà bá dá wà láìsí páálí, ó ṣeé ṣe kí àríyànjiyàn wa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Páálí tó ní òun ó fi gbé owó rẹ̀ ga ló tú u fó.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ayédèrú ni mo pè é. Ayédèrú ni ohun tí wọ́n ṣe kí wọ́n lè fi tan ẹni tó ń rà á, àwọn tó ṣe èyí kò sì purọ́ fún ẹni tó ra tiwọn pé Jámánì ló ti wá. Irọ́ tí wọ́n pa wà níbòmíràn: wọ́n mú ẹ̀fẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n sọ ọ́ di ayọ̀ orílẹ̀-èdè kan lódidi, wọ́n sì tà á ní ṣílè kọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi, ẹ̀dà Lọ́ńdọ̀nù tó wà nínú páálí tòun ti ìwé rẹ̀ sọ ìtàn tó pọ̀ ju ti ojúlówó tó dá wà lọ, nítorí òun ló fi bí wọ́n ṣe ń polongo ogun han ojú wa. Ṣùgbọ́n ìtàn tó pọ̀ kò sọ ọ́ di ohun tó ṣọ̀wọ́n, owó orí ẹ̀dà tí ó tó ọ̀kẹ́ àìmọye kò sì lè bá ti èyí tí kò tó 500 dọ́gba. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé kí ó rà á tí owó rẹ̀ bá bọ̀ sípò.

Wọ́n dúnàádúrà fún ìgbà pípẹ́, àdúrà Ásárì bá wọn lórí ẹ̀, wọ́n kírun tán wọ́n tún padà síbẹ̀. ₦140,000 ni wọ́n fẹnu kò sí. Ohun kan tí mo tẹnu mọ́ ni rìsíìtì. Mo ní kí Àlàájì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀dà Ìlú Ọba ni, irin, pẹ̀lú páálí àti ìwé rẹ̀, kí ó má kàn kọ “mẹ́dáàlì Jámánì” bó ṣe fẹ́ kọ ọ́. Tí Ẹ̀gbọ́n bá kú lọ́la, tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá gbé e jáde fún títà, rìsíìtì yẹn ni kò ní jẹ́ kí wọ́n tún gbé e fún ẹlòmíràn ní iye tí kò tọ́.

Ìpẹtà ti ń mú etí rẹ̀ ní ibì kan. Ẹnì kan ní Kubwa ti sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé kí ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ bó o, òmíràn ní Brasso ni kí ó fi pa á. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá ní mẹ́dáàlì ọnà má ṣe dán èyíkéyìí wò nínú méjèèjì. Ohun tí wọ́n bó kúrò lójú rẹ̀ kò ní padà mọ́, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n yóò dín owó rẹ̀ kù lójú ẹsẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ni a fi gbá a. Mo ní kí ó máa fi ìbọ̀wọ́ òwú mú un, nítorí òógùn ọwọ́ a máa mú irin dípẹtà, kí ó sì yọ ọ́ kúrò nínú páálí àtijọ́ yẹn, nítorí èròjà kan wà nínú páálí àtijọ́ tó máa ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀. Inú ike tó ní ìdérí ló wà báyìí, pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Páálí àti ìwé wà lọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀ bí kì í bá ṣe pé Àlàájì fi àwòrán mẹ́dáàlì Goetz mìíràn ránṣẹ́ sí fóònù Ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn náà. Èyí kì í ṣe ti Lusitania. Ọdún 1920 ni Goetz ṣe é, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé wà ní agbègbè odò Rhine ní ìwọ̀ oòrùn Jámánì lẹ́yìn ogun, tí ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, Madagascar, Mọ̀rọ́kò àti Àlùjẹ́ríà sì wà lára wọn. Àwọn ìwé ìròyìn ní Jámánì gbé ariwo pé àwọn aláwọ̀ dúdú wọ̀nyí wá ba àwọn obìnrin wọn jẹ́, wọ́n sì pe ọ̀rọ̀ náà ní ìtìjú dúdú. Goetz fi orúkọ yẹn pe mẹ́dáàlì rẹ̀. Orí ọmọ ogun dúdú kan tó dé akoto wà ní ojú kan, ètè rẹ̀ àti imú rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́; ní ojú kejì, wọ́n de obìnrin oníhòòhò mọ́ ohun tí n kò ní ṣàpèjúwe níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà kò sì parí sórí ẹ̀fẹ̀: ní 1937, ìjọba Hitler kó àwọn ọmọ tí irú àwọn ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ bí ní agbègbè Rhine, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn kí wọ́n má baà lè bímọ láéláé.

Ẹ̀gbọ́n wo àwòrán náà pẹ́. Ó wá sọ ohun tí n kò rò dé rí: “Àbúrò, ní Kamẹrúùnù tí bàbá wa lọ, àwọn dúdú bíi tiwa ni Jámánì wọ aṣọ ogun fún tí wọ́n kó síwájú wọn. Ìyẹn kò ti ojú wọn nígbà yẹn?” Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ogun Jámánì ní Kamẹrúùnù, àwọn òyìnbó díẹ̀ ló ń pàṣẹ fún wọn.

Ó ní òun kò ní fi owó òun ra èébú. Èmi rò pé ó yẹ kí ó rà á. Ẹni tó bá kó iṣẹ́ Goetz jọ tó sì fo ti 1920 yìí yóò fi aláwàdà tó gbọ́n han àwọn tó bá wá wò ó, kò ní fi gbogbo ọkùnrin náà hàn. Ọwọ́ ọmọ ọmọ ológun dúdú sì ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yẹ kó wà, pẹ̀lú àlàyé tó péye lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ju ọwọ́ ẹni tí yóò fi máa rẹ́rìn-ín lọ. Mo fi kún un pé àwòrán fóònù kò lè sọ bóyá ìgbà ayé Goetz ni wọ́n dà á tàbí lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà kí ó má sanwó kankan títí a ó fi gbé e lọ́wọ́. Ó ní òun gbọ́ apá kejì, òun kò gba apá kìíní. A kò tíì fẹnu kò lórí ẹ̀, Àlàájì sì ti ní oníbàárà kan ní Kánò ti ń béèrè iye rẹ̀.